Ta Ni Ó Ni Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Wọn Imú Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé yìí kéré lójú ẹni tí kò kàn, ṣùgbọ́n ó tóbi lójú ẹni tí ó ń gbé e kiri ní àárín ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ imú ni. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín kí ó sì bèèrè pé, ta ni ó ń jókòó kọ̀wé nípa imú nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdánwò àti ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ wà nílẹ̀? Ẹ̀rín náà gan-an ni ó mú wa kọ̀wé, nítorí pé a kò lè ka iye ọmọ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti sọ di odi ní kíláàsì.

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí a bá rán lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kì yóò pẹ́ kí ó tó gbọ́ orúkọ tí kò sí nínú ìwé orúkọ. Wọ́n ń pe ọmọ kan ní Gáréèjì nítorí ihò imú rẹ̀, wọ́n ń pe èkejì ní Pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń pe ẹ̀kẹta, tí imú tirẹ̀ gùn, ní Àkàlà. Ọmọ náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò máa fi ọwọ́ bo imú bí ó ti ń rẹ́rìn-ín; bí a bá sì ní kí ó jáde wá síwájú wá kàwé, yóò ní inú ń run òun. Àwọn ọmọbìnrin tí ó dàgbà díẹ̀ ń rí ohun oníke kan tí wọ́n ń polówó lórí fóònù, tí a ní kí ènìyàn fi fún imú rẹ̀ mọ́ra lójoojúmọ́ kí ó lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ohun tí ó bá sì bá imú ọmọ kò ní ṣàì bá ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èrò wa ni pé imú kọ́ ni ó ní àbùkù, òṣùwọ̀n ni; àti pé olùkọ́ ni ó di òṣùwọ̀n náà mú ní kíláàsì, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tuntun kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan láyé tí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà yóò ti máa fa imú rẹ̀ bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò sì máa fi ìka fún un mọ́ra kí ó má baà fẹ̀. Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn ṣe é, a kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfojúdi sí ẹni tí ó wẹ̀ wá tí ó sì pọ̀n wá. Ṣùgbọ́n a lè fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́ fún wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta imú, ní apá òkè, ni eegun líle. Eegun rírọ̀, ẹran àti awọ ni ìyókù. Bí a bá tẹ eegun rírọ̀, yóò tẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò padà sí bí ó ti wà. Ohun tí ọmọ jogún láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá ni imú rẹ̀ yóò jọ nígbà tí ó bá dàgbà. Ọmọ ọwọ́ sì ń fi imú mí ju bí ó ti ń fi ẹnu mí lọ, nítorí náà ọ̀nà tí a ń fún pọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀nà èémí rẹ̀.

Kí ni imú tilẹ̀ wà fún? Afẹ́fẹ́ tí a bá fà sínú gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin, a sì gbọ́dọ̀ sẹ́ eruku rẹ̀ kúrò kí ó tó dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Imú ni ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti mú tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ihò imú tóóró ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ a fi ara kan inú imú dáradára kí ó tó kọjá. Ní ilẹ̀ bí Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbóná tí ọ̀rinrin sì kún inú rẹ̀, imú kò ní láti ṣe làálàá tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1923 ni Arthur Thomson àti Dudley Buxton, àwọn onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìṣirò hàn pé bí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń gbé bá ti gbóná tó tí ó sì ní ọ̀rinrin tó, bẹ́ẹ̀ ni imú wọn máa ń fẹ̀ tó. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ènìyàn tí ìran wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Gúúsù Éṣíà, Ìlà-Oòrùn Éṣíà àti Àríwá Yúróòpù wá, wọ́n sì rí i pé bí ihò imú ti fẹ̀ tó bá ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ baba ńlá wọn mu. Wọn kò wí pé ojú ọjọ́ nìkan ni ó ṣe é. Irú ojú tí ọkọ àti aya fi ń yan ara wọn lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ pé imú tí a fi ń ṣẹ̀sín ní Ìsọlọ̀ ni imú tí ó bá afẹ́fẹ́ Ìsọlọ̀ mu.

Níbo wá ni òṣùwọ̀n náà ti wá? Àwọn ayàwòrán Yúróòpù àtijọ́, bí Leonardo da Vinci tí ó kú ní 1519 àti Albrecht Dürer tí ó kú ní 1528, wá ìlànà fún yíya ojú ènìyàn. Nínú ìlànà tí ó ti ọwọ́ irú wọn sọ̀ kalẹ̀, a pín ojú sí ọ̀nà mẹ́ta tí ó dọ́gba, láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. A sì ní kí fífẹ̀ imú dọ́gba pẹ̀lú àlàfo tí ó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí fún ẹni tí ń kọ́ bí a ti ń yàwòrán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ọwọ́ ayàwòrán di òfin lórí ojú ènìyàn. Nígbà tí Dókítà Leslie Farkas ti ìlú Toronto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìlànà wọ̀nyí wọn ojú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1985, wọ́n rí i pé kò bá ọ̀pọ̀ ojú nínú wọn mu. Bí ẹ̀wù kò bá gba ẹni tí a wọ̀n kí a tó rán an, ta ni yóò dá ẹni tí a kò wọ̀n lẹ́bi pé ẹ̀wù náà kò gba òun?

Òṣùwọ̀n tí kò tọ́ kì í mọ sí ojú ìwé. Petrus Camper, oníṣègùn ará Hólándì, tí a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1791 lẹ́yìn ikú rẹ̀, to àwòrán ojú lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀bọ ní ìbẹ̀rẹ̀, aláwọ̀ dúdú tẹ̀ lé e, ará Yúróòpù tẹ̀ lé ìyẹn, ère àwọn ará Gíríìkì sì gbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó pé jù. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ọmọ baba kan ni gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ sọ àwòrán náà di ẹ̀rí fún ìgbéraga wọn. Kódà òyìnbó pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1831, Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ Beagle, fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba Charles Darwin sínú ọkọ̀ nítorí bí imú rẹ̀ ti rí. Ó gba ẹ̀kọ́ Lavater gbọ́, àlùfáà ará Switzerland tí ó ní a lè ti ojú mọ ìwà, ó sì ṣiyèméjì pé kí onímú bẹ́ẹ̀ ní okun àti ìpinnu tí ìrìn-àjò náà ń fẹ́. Darwin fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ó bá wọn lọ, ó lo nǹkan bí ọdún márùn-ún lójú omi, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ yí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé padà.

Ìtàn Rùwáńdà burú ju èyí lọ. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ń ṣàkóso ibẹ̀ wọn orí àti imú àwọn ènìyàn, wọ́n ka imú tẹ́ẹ́rẹ́ sí àmì Tutsi, wọ́n ka imú fífẹ̀ sí àmì Hutu, ní àárín ọdún 1930 sí 1940 wọ́n sì kọ ẹ̀yà olúkúlùkù sínú káàdì. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn apànìyàn ń bèèrè ní ojú ọ̀nà ní 1994, nígbà tí a pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní nǹkan bí 100 ọjọ́. A kò wí pé ẹ̀fẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Òṣòdì àti ìpànìyàn jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀ jọjọ. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá ti gbà pé a lè fi imú mọ iyì ènìyàn ti gba irọ́ kan tí kò mọ ibi tí yóò gbé òun dé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn baba wa kò mọ ojú yà. Ní ọdún 1938, bí a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a hú àwọn orí idẹ kan tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀, ẹnu sì yà á débi pé ó ní àwọn ènìyàn láti òkè òkun ni ó mú ọgbọ́n rẹ̀ wá. Òde òní, gbogbo onímọ̀ ni ó gbà pé ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ ni ó ṣe é, láti nǹkan bí 500 sí 900 ọdún sẹ́yìn. Ẹ lọ wo àwọn ojú náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Imú wọn fẹ̀ nísàlẹ̀, ètè wọn nípọn, ojú wọn sì tòrò. Ayàwòrán tí ó ṣe wọ́n kò fún imú ọba mọ́ra kí ó tó lè jọ ọba.

Ìtàn Òṣòdì fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan kan náà. Òṣòdì Tápà, tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò náà, kì í ṣe ọmọ Èkó ní ìbí. Ọmọ ilẹ̀ Nupe ni. Ó di ìjòyè ńlá, ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí a lé ọba náà kúrò lórí oyè ní 1851, ó padà sí Èkó, ó sì kú ní 1868. Ìṣòótọ́ rẹ̀ ni ìtàn fi ń rántí rẹ̀, kì í ṣe bí ojú rẹ̀ ti rí.

Ẹni tí ó mọ Bíbélì nínú wa lè nawọ́ sí ìwé Léfítíkù, orí 21, níbi tí a ti ka irú imú kan mọ́ àbùkù tí kò jẹ́ kí àlùfáà súnmọ́ pẹpẹ. Ó yẹ kí a dá a lóhùn. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ni ó pe ọ̀rọ̀ Hébérù náà ní imú pẹlẹbẹ. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ tí ó dé lẹ́yìn náà gbà pé ojú tí a ti ṣá tàbí tí ó ti bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. Ọgbẹ́ ni, kì í ṣe àbínibí ẹ̀yà kan. Ẹni tí ó bá sì ń wá òṣùwọ̀n nínú Ìwé Mímọ́, kí ó rántí Sámúẹ́lì nínú ilé Jésè, bí ó ti fẹ́ fi òróró yan ẹni tí ojú ń wò, tí a sì dá a dúró.

A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìtùnú pẹ̀lú. Bí ọmọ bá wí pé imú òun kò dára, ohun tí ó sábà máa ń ti ẹnu wa jáde ni pé ìwà lẹwà. Òwe tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ pa á. Bí a bá fi ìwà dáhùn ọ̀rọ̀ imú, a ti gbà fún ọmọ náà pé imú rẹ̀ burú lóòótọ́, a wá fi ìwà dí i. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ fún un pé imú rẹ̀ dára, kí a sì fi ìdí rẹ̀ hàn án. Lẹ́yìn náà kí a wá kọ́ ọ ní ìwà.

Kí ni ọ̀nà tí ó wà, nígbà náà, fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú síbẹ̀? Èkíní ni sùúrù. Ní ìgbà ìbàlágà, imú a máa ṣáájú ìyókù ojú dàgbà, ojú tí kò bá ara rẹ̀ mu ní ọdún 13 sì lè bá ara rẹ̀ mu ní ọdún 18. Èkejì ni kí ó má gba ẹ̀rí fóònù gbọ́. Àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 2018 pé fọ́tò tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, tí fóònù kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú rẹ̀, ń mú kí imú dàbí ẹni pé ó fi nǹkan bí 30 nínú 100 fẹ̀ ju bí a ti ń rí i nínú fọ́tò tí a yà láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ohun tí ó bá súnmọ́ gíláàsì jù ni gíláàsì ń sọ di ńlá. Ẹ̀kẹta ni àtíkè àti ọ̀dà ojú. Àwọn tí ń kun ojú fún ìyàwó ní Èkó mọ bí a ti ń fi ọ̀dà dúdú àti fífẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú imú hàn tẹ́ẹ́rẹ́. Omi ni yóò fọ̀ ọ́ kúrò ní alẹ́, a kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kan ẹni tí imú rẹ̀ ń dí, tí kò lè sùn kí ó mí dáradára, tàbí tí imú rẹ̀ fọ́ nínú ìjàmbá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, àìsàn ni. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìsọlọ̀. Àwọn oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, àwọn tí ń tún ara tí ó bàjẹ́ ṣe sì wà ní ilé-ìwòsàn Ìgbóbì, tí a dá sílẹ̀ ní 1945. Ẹ̀karùn-ún kan ẹni tí ọ̀rọ̀ imú ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀, tí ó ń fi wákàtí wo dígí, tí kò fẹ́ jáde mọ́. Àìsàn ọkàn kan wà tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ kì í sì í sábà wò ó. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ní ẹ̀ka ní Òṣòdì níbi tí a ti ń tọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́. Kí ẹnikẹ́ni má tijú láti lọ síbẹ̀. Ilé ìtọ́jú ni bí ilé ìtọ́jú yòókù.

Ìkẹfà ni iṣẹ́ abẹ. Ó ti pẹ́ tí ọgbọ́n rẹ̀ ti wà: àwọn ará Íńdíà ni ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń fi awọ ara ẹni tún imú tí a gé ṣe, ní 1887 sì ni John Roe ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí bí òun ti tún imú ṣe láti inú wá nítorí ẹwà. A kò dá àgbàlagbà tí ó bá yàn án lẹ́jọ́. Ojú rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó dúró títí imú yóò fi dàgbà tán. Kí ó rí i dájú pé orúkọ oníṣègùn náà wà nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn àti Eyín ti Nàìjíríà. Bí àpá ara rẹ̀ bá máa ń wú, kí ó sọ fún oníṣègùn náà ṣáájú. Kí ó mọ̀ pé wíwú imú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè gba ọdún kan kí ó tó lọ tán. Kí ó sì sá fún ẹni tí ó bá ní òun yóò fi abẹ́rẹ́ gún nǹkan sí imú rẹ̀ ní ìṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge, nítorí pé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó bá ṣìnà wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, lè fọ́ ènìyàn lójú.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, àti pé Yorùbá ti ń fi imú ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni ó ń bá ẹgbẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, ẹni tí a bú sì lè bú ni padà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè bú olùkọ́ padà. Bí olùkọ́ bá pè é ní Gáréèjì lẹ́ẹ̀kan péré, 40 ọmọ ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà sì ń yí padà: àwọn baba wa ka ilà ojú sí ẹwà àti àmì ìdílé, ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, kò gbà kí a kọ ilà sí ara ọmọ mọ́. Bí a bá lè mú abẹ kúrò lójú ọmọ, a lè mú ẹnu wa kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní ohun mẹ́ta. Kí olùkọ́ má ṣe fi ẹ̀yà ara pe ọmọ, kí ó má sì fi ẹ̀rín gbè é bí ẹlòmíràn bá pè é bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ nípa ara, kí a má dúró lórí pé imú ni a fi ń gbọ́ òórùn; kí a sọ ìdí tí imú fi yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Bí a bá sì ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà, kí a gbé orí Ifẹ̀ kan sí iwájú wọn kí wọ́n máa fi ojú wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí ó bá ti ya irú imú bẹ́ẹ̀ dáradára, tí olùkọ́ rẹ̀ sì fún un ní máàkì lórí rẹ̀, yóò ṣòro fún un láti kórìíra tirẹ̀.